Kí O Tó Fọwọ́ Síwèé: Ìmọ̀ràn Méje fún Ọ̀dọ́ Oníṣirò Owó

Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, ọmọbìnrin kan tí kò tíì pé ọdún 23 tún ọ̀rọ̀ ṣe fún mi níwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, nínú ilé mi ní Festac. Àwọn mẹ́fà ni wọ́n máa ń wá bá mi ka ìwé ìdánwò ICAN, ẹgbẹ́ àwọn oníṣirò owó, láràárọ̀ Sátidé. A jókòó sí fàráńdà, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ń bú ramúramù, mo sì ń ṣàlàyé nípa FRC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó bí àwọn iléeṣẹ́ ṣe ń ṣe ìròyìn owó wọn. Mo ní ọ̀rọ̀ àjọ náà kò kan iléeṣẹ́ aládàáni. Ọmọ náà nawọ́. Ó ní, "Daddy, ẹ má bínú o, wọ́n ti yí i padà. Òfin tí wọ́n tún ṣe ní 2023 ti kó àwọn aládàáni ńláńlá mọ́ ọn." Ó na fóònù rẹ̀ sí mi. Mo wá awò ojú mi, mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Òótọ́ ló sọ.

Ojú kọ́kọ́ tì mí díẹ̀, àmọ́ kò pẹ́ tí inú mi fi dùn. Ó ti tó ọdún kan tí mo ti ń pariwo sí wọn létí pé kí wọ́n máa ka òfin fúnra wọn. Ẹnì kan ti wá kà á báyìí, orí mi ló sì ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ifẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ mi ní Festac, ní Agboju, ní Mile 2, ní gbogbo Àmúwo-Ọ̀dọ̀fin, inú Festac tí wọ́n fi nọ́ńbà sọ òpópónà rẹ̀ lórúkọ, tàbí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, lẹ ti dàgbà: Avenue báyìí, Road báyìí, láti ìgbà tí ìjọba ti kọ́ ilé síbẹ̀ nítorí àjọ̀dún àṣà ọdún 1977. Kò yà mí lẹ́nu pé ọ̀pọ̀ yín fẹ́ràn nọ́ńbà. Ìdánwò lẹ kàn ń rò ṣáá. Bí ẹ bá yege ìdánwò tán, ẹ ó bá òfin àti ìlànà lẹ́nu ọ̀nà: ta ló lè jẹ́ oníṣirò owó, ta ló lè fọwọ́ síwèé, kí ni ó gbọ́dọ̀ ṣe lọ́dọọdún kí àṣẹ má bàa bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ bá yín sọ nìyẹn.

1. Mọ ẹni tó ni ilẹ̀kùn tí o ń kàn.

Láyé àtijọ́, ọmọ Nàìjíríà tó bá fẹ́ di akáńtáǹtì tó gba àṣẹ, ìlú òyìnbó ló ń lọ. Bẹ́ẹ̀ ni Akíntọ́lá Williams ṣe. Èkó ni wọ́n bí i sí ní 1919. Ó lọ sí England ní 1944, ó yege ní 1949, òun sì ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gba irú oyè bẹ́ẹ̀. Nígbà tó padà dé, ó ṣiṣẹ́ díẹ̀ ní iléeṣẹ́ owó orí, ó sì dá ọ́fíìsì tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1952. Ní 1960, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó ara wọn jọ, wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Àmọ́ ní September 1965 ni òfin gbé ICAN kalẹ̀, ó sì di ààrẹ àkọ́kọ́. Ọmọ ọdún 104 ni nígbà tó papò dà ní September 2023.

Ẹ wo àlàfo tó wà láàárín 1960 sí 1965 yẹn dáadáa. Ẹgbẹ́ lè fún ọ ní káàdì, ó lè fún ọ ní àǹkárá ọdún. Òfin nìkan ló lè sọ pé ẹni tí kò bá gba ọ̀nà báyìí kọjá kò gbọdọ̀ pe ara rẹ̀ ní báyìí. Àwọn ANAN, ẹgbẹ́ oníṣirò owó kejì, náà rìn ìrìn kan náà: 1979 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ wọn sílẹ̀, àmọ́ 1993 ni òfin tó fún wọn láṣẹ jáde, òfin nọ́ńbà 76. Ọdún 14 ni wọ́n fi dúró. Ilé ẹ̀kọ́ wọn wà ní Kwall, lẹ́bàá Jos, ní ìpínlẹ̀ Plateau. Ó wá di 2011 kí òfin tó gbé FRC dìde, tí ojú rẹ̀ ń tó ìhà méjèèjì.

Nítorí náà, bí ẹnì kan bá fi ìwé ìpolówó lé ọ lọ́wọ́ ní Second Gate pé òun máa sọ ọ́ di "chartered" láàárín òpin ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, má bá a jiyàn. Bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo: òfin wo ló gbé yín kalẹ̀, ọdún wo sì ni? Bí ó bá ń wo ojú sánmọ̀, wọ kẹ̀kẹ́ rẹ, kí o máa lọ.

2. Fi ojú ara rẹ ka òfin, má fi etí kà á.

Ọmọkùnrin kan wà nínú àwọn tí mo kọ́ tẹ́lẹ̀ tó yege gbogbo ìdánwò pátá. Wọ́n se ìrẹsì, wọ́n pe ẹbí jọ. Ẹnì kan ti sọ fún un níbi tí wọ́n ti ń gba lẹ́sìnnì pé owó ìforúkọsílẹ̀ nìkan ló kù. Ìgbà tó gba fọ́ọ̀mù ló rí i pé wọ́n ń béèrè ẹ̀rí ọdún mẹ́ta tó fi ṣiṣẹ́ ìṣirò owó. Ó kúkú ti ṣe iṣẹ́ náà! Ọdún mẹ́rin ló fi jókòó ti ìwé owó oníṣòwò kan ní ọjà Trade Fair. Àmọ́ kò gba lẹ́tà, kò kọ ohun tó ń ṣe sílẹ̀, ọ̀gá náà sì ti kó ọjà rẹ̀ lọ sí ìlú mìíràn. Odindi ọdún kan ló fi ń wá ẹ̀rí iṣẹ́ tó ti ṣe kọjá.

Ìlànà yẹn kò sá pamọ́. Ó wà nínú ìwé, ẹnikẹ́ni ló lè kà á. Ọ̀rọ̀ ẹnu kò ní ojú ewé. Bí ó bá ṣì ọ́ lọ́nà, o kò ní rí ibi tí o máa tọ́ka sí.

Bí o bá fẹ́ kà á, kọ́kọ́ mọ ìwọ̀n ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ. Èyí tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ṣe, òfin nìyẹn. Èyí tí àjọ tàbí ìgbìmọ̀ aláṣẹ ẹgbẹ́ ṣe lábẹ́ òfin yẹn, ìlànà ni. Kò sì gbọdọ̀ ga ju òfin tó bí i lọ. Ìkéde tí akọ̀wé fi ránṣẹ́ síta, ìyẹn kàn ń rán ọ létí ni. Lẹ́yìn náà, mú pẹ́ńsùlù, kí o fa ìlà sábẹ́ nǹkan mẹ́ta: ibi tí wọ́n ti sọ pé "o gbọ́dọ̀", ibi tí wọ́n ti sọ pé "o lè", àti ọjọ́ tí ìlànà náà máa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Èmi tí ọmọ ọdún méjìlélógún tún ọ̀rọ̀ ṣe fún, ọjọ́ ni mi ò wò.

3. Má fo àtẹ̀gùn.

Ìpele mẹ́ta ni ìdánwò ICAN, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni wọ́n sì máa ń ṣe é, ní May àti November. Ẹni tí apá rẹ̀ kò bá tíì ká a lè gba ọ̀nà ATSWA, tí wọ́n là fún àwọn tó ń bá oníṣirò owó ṣiṣẹ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, kó sì tibẹ̀ gòkè díẹ̀díẹ̀. Mo mọ akọ̀wé owó kan ní Sátẹ́láìtì tó gba ọ̀nà yẹn lẹ́ni ogójì ọdún. Bí èsì bá dé tí o kò yege, sunkún lálẹ́ ọjọ́ yẹn, kí o jẹun, kí o sì forúkọ sílẹ̀ padà. Pípẹ́ ni yóò pẹ́, akólòlò á pe baba. Ẹni tí yóò bá ọ wá ìbéèrè ìdánwò kí ọjọ́ tó pé, òun náà ni yóò bá ọ wá ìdí tí wọ́n fi yọ orúkọ rẹ kúrò lọ́la.

4. Ìwé àṣẹ a máa gbó bí aṣọ.

Ẹ̀ṣẹ̀ tèmi ni mo fẹ́ jẹ́wọ́ níbí. Ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, ìyàwó mi ṣàìsàn. Ilé ìwòsàn, ilé, ọ́fíìsì: ìgbésí ayé mi nìyẹn fún oṣù mẹ́jọ. Mi ò san owó ọdún, mi ò sì lọ sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ní kí gbogbo wa máa lọ kí iṣẹ́ má bàa ṣá mọ́ wa lọ́wọ́. Mo ní n ó ṣe é tó bá yá. Àárín ìgbà yẹn ni ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ àdúgbò wa gbé ìwé owó wọn wá. Mo yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, kò sí àṣìṣe kankan nínú iṣẹ́ náà, mo sì fọwọ́ sí i.

Báǹkì dá a padà. Wọ́n ní àṣẹ ẹni tó fọwọ́ sí i ti kọjá ọjọ́.

Ẹ jẹ́ kí n fi ibi tí wọ́n wò hàn yín. Ní ìsàlẹ̀ ojú ewé tí ọ́dítọ̀ máa ń fọwọ́ sí, orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀, ọjọ́ wà níbẹ̀, lẹ́yìn náà nọ́ńbà kan tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú FRC, tí ọdún tẹ̀ lé e, tí orúkọ ẹgbẹ́ tó wà nínú rẹ̀ náà sì tẹ̀ lé e. Ẹni tó ń ka ìwé náà lè má mọ̀ ọ́ rí, ó lè má mọ̀ pé ìyàwó rẹ wà lórí ibùsùn. Ìlà kékeré yẹn ló máa wò.

Mo lọ sípàdé àwọn ará àdúgbò náà, mo dìde dúró níwájú àwọn ìyá tí wọ́n ń fi èrè ata àti gààrí dá owó, mo tọrọ àforíjì. Ọ̀rẹ́ mi tí àṣẹ tirẹ̀ kò tíì kọjá ọjọ́ ló tún iṣẹ́ náà ṣe, owó mi ni mo sì fi san án. Láti ọdún náà ni mo ti ń fi bírò pupa kọ ọjọ́ mẹ́ta sára kàlẹ́ńdà tó wà nínú kíṣìnnì: ọjọ́ owó ọdún, ọjọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́, ọjọ́ ìtúnṣe ìwé àṣẹ. Kíṣìnnì ni mo fi í sí, torí ojoojúmọ́ ni ebi ń pa mí.

5. Má yá ẹnikẹ́ni ní ọwọ́ rẹ.

Ọkùnrin kan tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní Trade Fair wọ ọ́fíìsì mi lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ìwé gbàǹgbà kan ló gbé dání, epo ẹ́ńjìnnì ti kun ẹ̀yìn rẹ̀. Báǹkì fẹ́ yá a lówó, wọ́n sì ń béèrè ìṣirò owó ọdún mẹ́ta tí ọ́dítọ̀ ti fọwọ́ sí. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ ṣáà bá mi kọ ọ́ kó dùn ún wò. Èmi ni n ó san gbèsè náà, kì í ṣe ẹ̀yin." Ó rọra ti àpò ìwé kan sí ẹ̀gbẹ́ tábìlì mi.

Mo ti àpò náà padà. Mo ní kó lọ kó ìwé báǹkì rẹ̀ wá, àti rìsíìtì ọjà tó ń bá ọkọ̀ ojú omi dé, àti orúkọ àwọn tó jẹ ẹ́ lówó. Ó bínú jáde. Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, ó padà wá pẹ̀lú páálí Indomie méjì tí rìsíìtì kún inú rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà la fi tò ó. Èrè tó jáde kéré sí èyí tó ń lá lálàá, owó tí báǹkì sì yá a kéré sí èyí tó béèrè. Àmọ́ apá rẹ̀ ká a, ó san án tán.

Ẹ fetí sí gbólóhùn tó sọ yẹn: "Èmi ni n ó san." Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọdé ti ń ṣubú. Ẹni tó yáwó ló ń san owó. Ẹni tó fọwọ́ síwèé ló ń san orúkọ. Ní 2006, Cadbury Nàìjíríà fẹnu ara wọn kéde pé wọ́n ti ń bu iyọ̀ sí ìṣirò owó wọn láti ọdún díẹ̀ wá. Ọ̀gá àgbà àti ọ̀gá ètò ìṣúná kúrò níbẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì dé ọ̀dọ̀ àwọn tó yẹ ìwé wọn wò. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Òfin ICAN ní ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹ̀sùn, ó sì ní ìgbìmọ̀ ìbáwí tó ń dájọ́. Ìgbìmọ̀ yẹn kò ní bi ọ́ léèrè èló ni wọ́n fún ọ.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ wa kì í sọ fún àwọn oníbàárà: òfin iléeṣẹ́ tọdún 2020, CAMA, ti yọ̀ǹda fún àwọn iléeṣẹ́ kéékèèké kan pé kí wọ́n má ṣe ọ́dítì rárá. Bí ẹni tó wá bá ọ bá wà lára wọn, sọ fún un. Owó náà á fò ọ́ lórí lónìí, àmọ́ ọ̀dọ̀ rẹ ni yóò padà sí nígbà tí iléeṣẹ́ rẹ̀ bá dàgbà.

6. Sọ̀rọ̀ nígbà tó ṣì jẹ́ àbá.

Èyí ni mo fẹ́ kí ẹ di mú jù, torí òun ni ìran tèmi kò ṣe tó.

Ẹ ó rántí January 2017. FRC ti gbé ìlànà kan jáde ní 2016 nípa bí a ó ṣe máa darí iléeṣẹ́ àti ẹgbẹ́. Ó fa ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́sáláṣí àti àwọn ẹgbẹ́ aláàánú mọ́ ọn, ó sì ní olórí kò gbọdọ̀ lò ju 20 ọdún lọ. Ní January 7, nítorí ìlànà yẹn, Pásítọ̀ E. A. Adéboyè kéde ẹlòmíràn tí yóò máa darí ìjọ Redeemed ní Nàìjíríà. Ariwo ta! Ní January 9, ìjọba yọ ọ̀gá FRC nípò, wọ́n sì dá ìlànà náà dúró. Ọ̀tun ni wọ́n ṣe lẹ́yìn náà, òun ni wọ́n ń pè ní ti ọdún 2018.

N kò gbèjà ẹnikẹ́ni nínú ọ̀rọ̀ náà. Ohun tó dùn mí ni pé láti 2015 ni àbá ìlànà yẹn ti ń lọ tó ń bọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa tó mọ iṣẹ́ owó, tó sì tún jẹ́ àgbà ìjọ, rí àbá yẹn, a kò ka ju ojú ewé àkọ́kọ́ lọ. Ìgbà tí iná jó dé orí òrùlé la bẹ̀rẹ̀ sí í pe omi. Igi gańgan-ran má gún mi lójú, òkèèrè la ti ń wò ó.

Irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ pẹ̀lú òfin 2023 tí ọmọbìnrin yẹn kà sí mi létí. Òfin náà ní kí àwọn iléeṣẹ́ aládàáni ńláńlá máa san owó ọdún fún FRC, iye owó tí wọ́n bá pa lódindi ni wọ́n sì máa fi ṣírò rẹ̀, láìsí gbèdéke. Nígbà tí ìwé owó dé ọwọ́ wọn ni igbe bẹ̀rẹ̀. Ó di 2025 kí mínísítà tó gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀, tí wọ́n sì fi gbèdéke mílíọ̀nù 25 náírà sí i fún ìgbà díẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ẹnì kan ti jókòó ṣírò rẹ̀ fún àwọn aṣòfin nígbà tó ṣì jẹ́ àbá, bóyá ọdún méjì yẹn kò ní ṣòfò.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Amẹ́ríkà. Kò sí ẹgbẹ́ kan ṣoṣo níbẹ̀ tó ń fún oníṣirò owó gbogbo orílẹ̀-èdè láṣẹ. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní ìgbìmọ̀ tirẹ̀, láti ìgbà tí New York ti ṣe òfin àkọ́kọ́ ní 1896. Bí ìgbìmọ̀ bá fẹ́ yí ìlànà padà, wọ́n á tẹ àbá náà jáde, wọ́n á fún aráàlú ní ọjọ́ láti kọ̀wé, wọ́n á ka ohun tí wọ́n kọ, kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Houston sọ fún mi pé akẹ́kọ̀ọ́ pàápàá ń kọ̀wé sí wọn.

Ẹ̀yin náà lè kọ ọ́. Ojú ewé kan ti tó. Sọ nọ́ńbà ìlà òfin tí o ń sọ. Sọ ohun tí yóò ná ẹni tó máa tẹ̀ lé e, ní náírà àti ní iye ọjọ́. Kọ bí ìwọ ì bá ṣe kọ ìlà náà. Má bú ẹnikẹ́ni. Tọ́jú ẹ̀dà kan sọ́wọ́. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Àmọ́ bí ẹnìkejì kò bá yọjú, báwo ni adájọ́ ṣe máa gbọ́ tẹnu rẹ̀?

7. Bí o bá débi àga, má fa àkàbà sókè.

Ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ẹ̀yin náà máa jókòó nínú ìgbìmọ̀ tó ń ṣe ìlànà. Ó kéré tán, ẹ ó wà nínú ẹgbẹ́ agbègbè tí wọ́n ń ránṣẹ́ sí fún ìmọ̀ràn. Ó máa ń wu ẹni tó ti gòkè pé kí ọ̀nà túbọ̀ ga fún ẹni tó ń bọ̀. Ó lè jẹ́ pé ó tọ́. Ó sì lè jẹ́ pé kí ọjà tiwa má bàa kún la ṣe ń sọ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí ló ń dá àwọn ará Amẹ́ríkà láàmú báyìí. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìpínlẹ̀ wọn ń béèrè 150 wákàtí ẹ̀kọ́ yunifásítì lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ gba àṣẹ oníṣirò owó, èyí tó ju digírì kan lọ. Ní January 2025, Ohio fọwọ́ sí òfin tó ṣí ọ̀nà mìíràn: ẹni tó ní digírì kan, tó yege ìdánwò, tó sì fi ọdún méjì ṣiṣẹ́, lè gba àṣẹ. Ìdánwò kò yí padà. Àtẹ̀gùn kan ni wọ́n tún kàn mọ́ àkàbà.

Nígbàkígbà tí ọ̀rọ̀ ìlànà bá délẹ̀ níwájú yín, ẹ béèrè pé: ta ni ìlà yìí ń dáàbò bò? Bí ó bá jẹ́ àwọn ìyá tó dá owó ata jọ ni, ẹ jẹ́ kó le koko. Bí ó bá jẹ́ àwa tó jókòó sórí àga ni, ẹ tún un kọ.

Ó parí. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ, àmọ́ èje ni agbára mi mọ lónìí.

Sátidé tó ń bọ̀, aago mẹ́sàn-án, fàráńdà mi. Kí ẹnì kọ̀ọ̀kan tẹ òfin ICAN àti ti FRC wá sórí bébà, torí bátìrì fóònù yín kì í tọ́jọ́. Ẹ mú pẹ́ńsùlù dání. Kí ẹnì kọ̀ọ̀kan sì kọ ojú ewé kan nípa ìlànà kan tó ń ni ín lára, sí akọ̀wé àjọ tó ṣe é. A ó jọ kà á, a ó jọ yọ èébú inú rẹ̀ kúrò, a ó sì fi í ránṣẹ́. Kí a tó fi í ránṣẹ́, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan kọ orúkọ rẹ̀ kedere sí ìsàlẹ̀, kó kọ ọjọ́ sí i, kó sì fọwọ́ sí i. Kí ìwé àkọ́kọ́ tí ẹ máa fọwọ́ sí lẹ́nu iṣẹ́ yìí jẹ́ èyí tí ẹ kà tán kí ẹ tó fọwọ́ sí i.